Kókó Kú, Kò Súnkì: Bí Ìtànṣán Ṣe ń Jẹ́ Lára Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀

Akẹgbẹ́ wa kan ló fa àpilẹ̀kọ yìí. Ó ní bí kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kò bá súnkì lóṣù kan lẹ́yìn tí a fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀ láti inú, ìtọ́jú náà kò jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìwádìí SARAH tó jáde ní Faransé ní 2017: àwọn tó gba ìtànṣán kò pẹ́ láyé ju àwọn tó lo oògùn sorafenib lọ. Òótọ́ ni èsì yẹn. Ìtumọ̀ tó fún un ni kò tọ̀nà.

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ náà: ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ru yttrium-90 ni a ń tú sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn wá sínú ẹ̀dọ̀, èyí tí kókó fi ń jẹun. Ìtànṣán rẹ̀ kì í rìn ju nǹkan bíi mìlímítà 11 lọ nínú ẹran ara.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sísúnkì àti kíkú ni ká dúró lé. Àgbẹ̀ tó ha èèpo igi ńlá yí ìdí rẹ̀ ká mọ̀ pé orí ìdúró ni igi náà yóò kú sí. Ẹni tó bá fi okùn wọn ìdí rẹ̀ lóṣù kejì yóò ní nǹkan kan kò ṣe é. Ewé ló yẹ kó wò. Okùn ni ìlànà RECIST ti ọdún 2000 ń fà: àfi kí ìbú kókó fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kó tó gbà pé oògùn jẹ́. Ewé ni mRECIST, tí Lencioni àti Llovet gbé jáde ní 2010, ń wò: apá tí ẹ̀jẹ̀ iṣan náà ṣì ń wọ̀ nìkan ló ń wọ̀n. Wíwú tí ìtànṣán ń fà tilẹ̀ lè mú kí kókó tó ń kú tóbi sí i fúngbà díẹ̀.

Òṣùwọ̀n ìtànṣán tó dé inú kókó náà tún ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí DOSISPHERE-01, tó jáde ní Faransé ní 2021, wọ́n wá ọ̀nà kí kókó àwọn kan gba ó kéré tán Gray 205. Wọ́n sì fún àwọn yòókù ní òṣùwọ̀n àtẹ̀yìnwá. Apá tó ṣì wà láàyè ni wọ́n fi ṣèdájọ́. Ìtọ́jú jẹ́ lára ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ìṣáájú, àti ìdá 36 péré lára àwọn ti ìkejì. Ènìyàn 60 kò tó láti fi pa ẹnu àríyànjiyàn dé. Síbẹ̀, ó ṣòro fún mi láti rí bí a ṣe lè dá ìtànṣán lẹ́bi níbi tí kò ti tó.

Ọ̀rọ̀ yìí ló sún mi dé iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé báyìí: kíkó ọ̀rọ̀ tí àwọn aláìsàn wa fi ń sọ nípa kókó jọ. Wọ́n ní ó le, ó rọ̀, ó wú, ó kú, ó tún jí. Èdè wa ti ya ìwọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ìyè tipẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ka àwòrán ẹ̀dọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìbú kókó nìkan kọ "kò jẹ́" sínú ìwé aláìsàn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wọ̀ ọ́.