Ojú Irin àti Owó Ilé: Bí Òṣìṣẹ́ Èkó Ṣe Ń Tẹ̀lé Rélùwéè Wá Ibùgbé

Ẹni tí ó bá ń wá yàrá ní Àgbàdo, ní Ìjókò tàbí ní Ìfọ̀, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Èkó, ìbéèrè méjì ló máa ń bi éjẹ́ǹtì: èló ni ilé, èló sì ni ọkọ̀? Èyí àkọ́kọ́ nìkan kò ṣeé fi ṣe ìṣirò. Yàrá tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè di ọ̀wọ́n gógó bí ènìyàn bá ní láti wọ ọkọ̀ mẹ́ta lọ, kí ó sì tún wọ mẹ́ta bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ní mọ́tò lè yan ibi tó wù ú. Ẹni tí kò ní, ojú irin àti gáréèjì ló ń bá a yàn. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé ni àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ti ń ṣí lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, láti ibùdókọ̀ kan dé òmíràn, bí owó ilé ṣe ń lé wọn.

Kì í kúkú ṣe nítorí wọn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe tẹ́ ojú irin. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, ó gba ìhà Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1901. Ẹrù ni wọ́n fẹ́ fi kó: ekùrọ́, epo pupa, òwú àti kòkó tí yóò bọ́ sínú ọkọ̀ òkun. Agége, tí igbó yí ká nígbà náà, di ìlú oko kòkó àti obì. J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907, nígbà tí ojú irin sì dé Kánò ní 1912, obì rí ọ̀nà dé ilẹ̀ Haúsá. Àwọn Haúsá oníṣòwò obì náà wá tẹ̀dó sí Agége. Ibùdókọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń sáré dé láàárọ̀ lónìí, apẹ̀rẹ̀ obì ló kọ́kọ́ ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀.

Láàárín Èkó fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ìsàlẹ̀ Èkó, Olówógbówó àti Pópó Àgùdà kò jìnnà sí Márínà, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba àti ti àwọn òyìnbó oníṣòwò wà. Afárá Carter tí wọ́n ṣí ní 1901 ló so erékùṣù mọ́ Ìdó, Afárá Denton sì so Ìdó mọ́ Èbúté Mẹ́tta. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Ìdó gba orí afárá dé Márínà. Kò pẹ́ ju bí ọdún mọ́kànlá lọ tí wọ́n fi dá kíkó èrò dúró. Ìgbẹ́ ìlú ni ojú irin kékeré náà wá ń kó títí di 1933. Èrò lè ráhùn pé ọkọ̀ pẹ́, ẹrù agbépóò kì í ráhùn.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní erékùṣù láìfi owó oṣù rẹ̀ san owó ọkọ̀, Èbúté Mẹ́tta ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n lé kúrò ní Abẹ́òkúta nígbà Ìfọ́lé, ní 1867, ni Gómìnà Glover fún ní ilẹ̀ níbẹ̀, tó sì la títì tó gún régé fún wọn. Nígbà tí rélùwéè kọ́ ọgbà iṣẹ́ ńlá rẹ̀ síbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, awakọ̀ ojú irin, akọ̀wé àti àwọn tó ń da èédú sí iná ẹ̀ńjìnnì wá kún wọn. Fèrè ibi iṣẹ́ ń dún dé inú ilé wọn, wọ́n sì lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Lẹ́yìn náà ni àrùn dá sí i. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé káàkiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ìjọba sì gbà pé ilé tó há jù wà lára ohun tó fà á. Ní 1928 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú tò. Yábà wà lára ibi tí wọ́n pín sí púlọ́ọ̀tì, ibùdókọ̀ ojú irin sì wà nítòsí rẹ̀. Àmọ́ akọ̀wé ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ tó ẹnu ló lè kọ́lé níbẹ̀. Lébìrà tó ń gbowó ojúmọ́ kò sí nínú ètò yẹn.

Ogun Àgbáyé Kejì tún gbé owó oúnjẹ àti owó ilé sókè. Nínú oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gbà ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú ìjà náà. Àfikún owó tí yóò bá ọ̀wọ́n gógó ayé mu ni wọ́n ń béèrè, ẹni tó sì ń fi owó oṣù kan náà san ilé, jẹun, wọkọ̀, kò nílò kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún òun.

Ní Surúlérè ni ọ̀rọ̀ ti hàn kedere jù. Ní 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó, torí pé òmìnira ń bọ̀, ìjọba sì fẹ́ kí olú-ìlú fani mọ́ra. Wọ́n kọ́ ilé sí Surúlérè fún àwọn tí wọ́n wó ilé wọn. Ní ìparí ẹ̀wádún yẹn, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ìdílé sọ̀rọ̀, ti erékùṣù àti ti Surúlérè, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí kò mọ sórí ọ̀rọ̀ ilé nìkan. Ilé tuntun náà dára: afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ó mọ́, kò há. Owó tó ń gba ibòmíràn jáde ló dà wọ́n láàmú.

Ìyá aláte tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ló ti ń tajà ní erékùṣù, tí èrò ọjà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá látàárọ̀ dalẹ́, bá ara rẹ̀ ní àdúgbò tó pa rọ́rọ́. Bí ó bá fẹ́ padà sí ìsọ̀ rẹ̀ àtijọ́, yóò wọ bọ́ọ̀sì, owó bọ́ọ̀sì yóò sì jẹ lára èrè. Oníṣẹ́ ọwọ́ pàdánù oníbàárà. Baálé ilé ń san owó ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn dé tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹbí tó ń yà kí ara wọn lálaalẹ́ ní agboolé wá di ẹni tó ń ṣírò owó kí wọ́n tó lọ wo ìyá arúgbó. Ilé-iṣẹ́ J. N. Zarpas ló ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì inú ìlú títí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó fi rà á ní 1958, ọkọ̀ kò sì fìgbà kan tó èrò. Ìjọba ti ka iye yàrá tó yẹ kí ìdílé kan ní. Kò ka iye ìgbà tí wọn yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí erékùṣù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn tí ìjọba kò tò, fúnra wọn ni wọ́n tò ara wọn. Láti 1954 ni Èkó ti jẹ́ agbègbè ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Múṣin, Ọ̀ṣọ́dì, Ìkẹjà àti Agége wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Òfin ilé kíkọ́ kò le níbẹ̀ bíi ti inú Èkó. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń ta ilẹ̀, ẹni tó rà á ń kọ́ ilé gígùn tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo là á láàárín, ó sì ń fi yàrá kọ̀ọ̀kan háyà fún ìdílé kan. Ojú irin kọjá láàárín wọn, títì Agége náà sì ń bẹ. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, tí àwọn ìlú wọ̀nyí wọ inú rẹ̀, wọ́n ti kún fún òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Èkó láàárọ̀, tó ń bọ̀ lálẹ́. Mólúè àti dánfó ló wá ń gbé wọn lẹ́yìn náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì di ara iṣẹ́ òòjọ́.

Lateef Jakande, tó di gómìnà ní oṣù Kẹwàá 1979, gbìyànjú láti yanjú ilé àti ọkọ̀ papọ̀. Ìjọba rẹ̀ kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìsọlọ̀, Abẹ́sàn, Ìjàyè, Amúwò Ọ̀dọ̀fin àti àwọn ibòmíràn, ó sì fẹ́ tẹ́ ojú irin inú ìlú tí wọ́n pè ní Metroline. Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1983. Ológun gbàjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, ní 1985 sì ni ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé e. Owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là ni Èkó pàdánù. Àwọn ilé Jakande wà níbẹ̀ títí di òní; ojú irin tó yẹ kó bá wọn rìn ni kò wá.

Rélùwéè àtijọ́ ló wá kù fún mẹ̀kúnnù nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin kan wà nígbà náà tó ń kó òṣìṣẹ́ láàárín Ìjókò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Ìdó; ó ń lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ń padà ní ìrọ̀lẹ́, owó rẹ̀ sì kéré sí ti dánfó. Nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe gbà láti gbé Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n máa jẹun ní Èkó. Nínú kóòṣì, àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn kan ń tajà, àwọn kan ń sùn lórí ìdúró. Àwọn tí inú kò gbà ń gun òrùlé, bí rélùwéè ṣe ń kìlọ̀ tó, tí ọlọ́pàá sì ń lé wọn. Ẹ̀ńjìnnì lè dákú sójú ọ̀nà, ọkọ̀ lè má dé rárá, síbẹ̀ èrò kò dín.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé títì ọlọ́dà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, Ìbàfò àti Mòwé bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n bíi ti Èkó. Epo bẹntiróòlù ni ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn. Ní òpin oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo, jálá kan fò láti nǹkan bí ₦185 sí ₦488 ní Èkó, owó ọkọ̀ sì tẹ̀lé e. Ẹni tó sá fún owó ilé ní Èkó wá ń san án fún onídánfó.

Ojú irin náà ti yí padà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun tó fẹ̀ ju ti 1896 lọ, láti Èkó dé Ìbàdàn, wọ́n sì fi orúkọ Jakande sọ ibùdókọ̀ Àgbàdo. Ìpínlẹ̀ Èkó lo ojú irin kan náà fún Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹwàá 2024: Oyíngbò, Yábà, Múṣin, Ọ̀ṣọ́dì, Ìkẹjà, Agége, Ìjú, Àgbàdo. Ọ̀nà kan náà ni òṣìṣẹ́ ti ń ṣí lọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àgbàdo, lẹ́bàá ààlà Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn, ni Red Line ti ń padà. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà àti Pápálántò, ṣùgbọ́n ìgbà tó ń lọ lóòjọ́ kò pọ̀ tó fún ẹni tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó ń gbé Ìjókò tó sì fẹ́ wọ Red Line ní láti kọ́kọ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí dánfó dé Àgbàdo. Iye tí ó bá san fún kẹ̀kẹ́ yẹn, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ló ń pinnu bóyá yàrá Ìjókò ṣì dínwó ju ti Agége.