Ilé ìkàwé ìjọba lásìkò ìdìbò: Kí ló tọ́, kí ni kò tọ́?

Tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, pósítà á kún ìgboro. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò yẹ kó wọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan: ilé ìkàwé ìjọba. Owó orí gbogbo aráàlú ni wọ́n fi ń gbé e ró. Ẹni tí kò ní dátà nílé, ibẹ̀ ló ti lè ka ìròyìn kó tó lọ dìbò. Tó bá bá àwòrán olùdíje kan lẹ́nu ọ̀nà, ó lè padà sẹ́yìn.

Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dún 1933, wọ́n dáná sun ìwé ní Jámánì. Nígbà tó di ọdún 1938, Forrest Spaulding, ọ̀gá ilé ìkàwé ìlú Des Moines ní Amẹ́ríkà, kọ ìlànà kan sílẹ̀ pé ìwé tìhín-tọ̀hún ló gbọ́dọ̀ wà fún aráàlú. Ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé Amẹ́ríkà, ALA, gbé tiwọn kalẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 1939. Library Bill of Rights ni wọ́n ń pè é.

Kí ni ìlànà náà sọ?

Ilé ìkàwé tó bá ń fún aráàlú ní yàrá ìpàdé gbọ́dọ̀ fún gbogbo wọn lọ́nà kan náà, ohun yòówù kí wọ́n gbà gbọ́. Tí ẹgbẹ́ kan bá rí yàrá gbà lónìí, tí alátakò rẹ̀ bá dé lọ́la, iye kan náà ni kó san.

Ìforúkọsílẹ̀ ńkọ́?

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1993 gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti fi ilé ìkàwé ṣe ibi ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é kò gbọdọ̀ tọ́ka ẹgbẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ fi ẹgbẹ́ tirẹ̀ hàn.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ọ̀nà mìíràn ni tiwa gbà. Òfin ètò ìdìbò ní wọn ò gbọdọ̀ polongo ìbò nínú ọ́fíìsì ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìjọsìn àti àgọ́ ọlọ́pàá.

Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹgbẹ́, Nàìjíríà tì í mọ́ gbogbo wọn. Ohun kan náà ni wọ́n ń wá: kí ẹnikẹ́ni má fi ohun ìní aráàlú rẹ́ ẹnìkejì jẹ. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún ẹnìkan, tí wọ́n tì í mọ́ ẹlòmíì, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí.