Jàm̀bíyà

Jàm̀bíyà ni àwọn ará Yẹ́mẹ̀nì ń pe ọ̀bẹ olójú méjì tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun, èyí tí ọkùnrin ń kì bọ àkọ̀ níwájú ìgbànú. Láti inú “janb”, tí í ṣe ẹ̀gbẹ́ ara lédè Lárúbáwá, ni orúkọ náà ti jáde. Èèkù ni iyì rẹ̀: èyí tí a fi ìwo àgbáńréré gbẹ́ ni ó gbówó lórí jù, nítorí bí ó ti ń gbó lọ́wọ́ ni ó ń dán sí i. Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò: bí baba bá papòdà, ọmọkùnrin rẹ̀ a sán an mọ́ra. Bí aáwọ̀ bá sì dé, ọ̀bẹ baba yìí kan náà ni yóò fi dógò lọ́wọ́ onílàjà pé òun yóò gba ìdájọ́.