Àdììtú Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́

Ìtàn tí a mú wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti oyè tàbí ti ààlà ilẹ̀. Ìtàn irin díẹ̀ tí ó ti dógùn-ún ni.

Nígbà èwe wa, kí ilé tó gba gbogbo ilẹ̀ Ire-Àkárí yìí, a rí ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n ti tú palẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní Ìsọlọ̀. Ohun mẹ́ta ni ó yà wá lẹ́nu lára rẹ̀. Èkínní, wọ́n ti fi irin dí ihò tí iná ń gbà wọ inú ọ̀pá rẹ̀ rí, wọ́n sì ti lu ihò mìíràn sí òkè. Èkejì, ẹlòmíràn ti padà wá dí ihò ti òkè, ó sì tún ihò àkọ́kọ́ lu. Ẹ̀kẹta, wọ́n kan òrùka irin mọ́ ìdí igi rẹ̀. A bèèrè pé, "Bàbá, ta ni ó ṣe é báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa títí a fi jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ohun tí ìwé kíkà fi yé wa nìyí.

Ìbọn olókùúta ni ìbọn náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òkúta a lu irin, iná a ta sínú àwo ẹ̀tù, a sì gba ihò ẹ̀gbẹ́ wọ inú ọ̀pá. Ní ọdún 1807, àlùfáà ará Scotland kan, Alexander Forsyth, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀tù tí ń gbiná bí a bá ṣáà ti lù ú. Láti inú èrò yìí ni ìdérí bàbà kékeré ti jáde, tí a ń fi lé orí ìbọn dípò òkúta. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ olókùúta sílẹ̀. Wọn kò da gbogbo ìbọn àtijọ́ nù; wọ́n tún ọ̀pọ̀ ṣe ni. Àtúnṣe àkọ́kọ́ yé wa nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí ẹnìkan dá a padà sí ti àtijọ́? Kò sí àní-àní pé kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Òkúta kan a máa ta iná lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdérí bàbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, òkè òkun ni ó sì ti ń wá. Ẹ rántí ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a sì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù Sẹ́tẹ́ḿbà, 1886. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn, nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó ń rí ìbọn ìgbàlódé fi ránṣẹ́ sílé. Lẹ́yìn èyí, ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fi ẹnu kò ní Brussels pé kí ìbọn ìgbàlódé má ṣe wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta. Ohun tí wọ́n ti kọ̀ nílé wọn ni wọ́n gbà kí a máa rà! Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Lójú tiwa, irú ọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ alágbẹ̀dẹ náà lọ́gbọ́n.

Ní ti òrùka, àwọn kan á ní oògùn ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn atukọ̀ ogun náà a máa fi okùn so ìbọn ìléwọ́ mọ́ ara kí ó má bàa já bọ́. Kí a tó sọ pé oògùn ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi iṣẹ́ ọwọ́ léèrè.

Àwa náà padà lọ bèèrè, pẹ̀lú ìwé àti kálàmù lọ́wọ́. Bàbá ti sùn. Wọ́n ti ta apẹ̀rẹ̀ náà fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, ó sì ti wọ iná. Ojú tì wá, nítorí ogún ọdún ni a fi ń sọ pé a óò lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí irú rẹ̀ bá wà nínú àpótí bàbá yín, ẹ má ṣe fi yanrìn bó o, ẹ má sì ṣe gbé e súnmọ́ iná, nítorí ẹ̀tù lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má ṣe fi pamọ́ pẹ̀lú: òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ní ìbọn ìléwọ́ láìgba àṣẹ, ìbáà ṣe olókùúta. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn aláṣẹ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkàn láti 1957 létí. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò nílé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó ni ín, ibi tí ó gbé e lọ àti ẹni tí ó tún un ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa. Báyìí ni ire ìmọ̀ yóò fi kárí gbogbo wa, gẹ́gẹ́ bí orúkọ àdúgbò wa.