Ọjọ́ Kan Lójú Omi Greater Marrow

Aago 6:00 àárọ̀. Apẹja náà bọ́ sínú ọkọ̀ ní èbúté Greater Marrow. Ọkọ̀ náà kéré, kò sì tíì di tirẹ̀. Èyí tó gbé e wá sí ìlú yìí ti fọ́ mọ́ àpáta nínú kùrukùru, nígbà tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ tí wọ́n kéde. Olórí ìlú ló yọ ọ́ nínú ìṣòro náà. Ó fún un ní ọkọ̀ mìíràn, ó ní kó máa fi owó ẹja san án díẹ̀díẹ̀. Ó tún sọ ohun kan kún un: kó rí i pé òun wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sọ ìdí rẹ̀.

Aago 6:15. Ó ń wo inú ọkọ̀. Àyè ibẹ̀ pín sí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké, bí ojú ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé. Ẹ́ńjìnnì gba igun mélòó kan. Ọ̀pá ìwọ̀ gba tirẹ̀. Iná iwájú ọkọ̀ náà gba tirẹ̀. Ìyókù ni ẹja yóò wọ̀ sí. Apẹja fojú wọn àyè náà. Kò pọ̀.

Aago 7:05. Ó kọjá lábẹ́ ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Obìnrin kan ló ń ṣọ́ ọ. Iná ibẹ̀ ti rẹlẹ̀, oòrùn ti ń ràn. Omi tẹ́jú. Àpáta díẹ̀ yọ orí lápá òsì, àwọn mìíràn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Apẹja wò wọ́n dáadáa. Ó kà wọ́n sórí, nítorí ọ̀nà yìí náà ni yóò gbà padà.

Aago 8:20. Omi ń ru níwájú. Ìfófòó ń yọ sókè níbì kan ṣoṣo, òjìji sì ń yí po lábẹ́ rẹ̀. Kò ní láti méfò: ibi tí ẹja wà hàn kedere. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ju ìwọ̀ sí i.

Iṣẹ́ náà ní ìlù tirẹ̀. Ohun kan ń yí po, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a mu níbi tó yẹ. Bó bá bá a mu, okùn á yára gòkè. Bó bá ṣì í, okùn á fà sẹ́yìn. Ẹja kò ní já lọ. Ìṣẹ́jú ló ń lọ. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹja àkọ́kọ́ tó dé inú ọkọ̀, aago ti fẹ́ lu mẹ́sàn-án.

Kọ́ọ̀dù ni, irú èyí tí wọ́n ń sá gbẹ ní Norway kó tó di sítọ́kùfíṣì lọ́jà wa. Ó gùn. Apẹja yí i sí ìbú, kò wọlé. Ó yí i sí òró, ó wọlé.

Aago 9:40. Ó ti kó ẹja mẹ́ta. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó jókòó. Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Ìgbì ń lọ, ìgbì ń bọ̀. Òjìji ọkọ̀ wà lápá ọ̀tún, ó fẹ̀ díẹ̀.

Ó jókòó pẹ́. Èèyàn lè jẹun, kó wẹ̀, kó sì padà wá láàárín ìgbà tó fi jókòó yẹn. Òjìji náà kò yẹ̀. Oòrùn kò gòkè sí i. Aago ṣì ń sọ 9:40.

Ó tan ẹ́ńjìnnì. Oòrùn gbéra.

Aago 11:15. Ibòmíràn. Títùsì ló wà níbí, wọ́n tóbi díẹ̀, wọ́n sì yá lọ́wọ́. Lẹ́yìn wọn ni ẹja pẹlẹbẹ kan gòkè. Ó fẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, owó rẹ̀ yóò sì ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ojú ibi tó lè gbà á. Apẹja tú ẹrù. Ó gbé kọ́ọ̀dù kan sí igun, ó dojú òmíràn délẹ̀, ó ti títùsì méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Igun kan ṣoṣo ló kù kó fi bára mu. Ó mú títùsì kékeré, ó sọ ọ́ padà sínú omi. Ẹja pẹlẹbẹ náà wọlé.

Aago 1:30 ọ̀sán. Ìfófòó dáwọ́ dúró. Ibi tó ń pa ẹja ti gbẹ. Omi ibẹ̀ rọlẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó lọ síwájú lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Little Marrow kọjá. Bó ti ń lọ ni aago ń lọ.

Aago 3:50. Ìwọ̀ wúwo. Ohun tó ń bọ̀ kò fà bí àwọn ti òwúrọ̀.

Ó gbé e jáde. Ara rẹ̀ jọ ti kọ́ọ̀dù: àwọ̀ rẹ̀, lẹbẹ rẹ̀, ìrù rẹ̀. Orí rẹ̀ ni kò jọ ọ́. Orí náà ju ẹyọ kan lọ. Ẹnu wọn ń ṣí, wọ́n ń pa dé, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹran ara ti wú níbi tí ọrùn wọn ti pín. Apẹja dì í mú lọ́wọ́. Ó lè sọ ọ́ padà. Ó wo inú ọkọ̀, ó wo àyè kan tó ṣófo. Irú ìrísí tí ẹja náà ní bá àyè náà mu gẹ́ẹ́.

Ó tò ó sáàárín àwọn yòókù.

Aago 5:20 ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ti ń pọ́n. Ọ̀nà èbúté gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá yí padà báyìí, yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Igun mélòó kan ṣì ṣófo nínú ọkọ̀. Gbèsè olórí ìlú wà nílẹ̀. Ìfófòó sì ń ru níwájú, kò jìnnà.

Àwọn apẹja Ìlàjẹ mọ̀ pé òru ní ẹja tirẹ̀, ẹja tí kì í jáde lọ́sàn-án. Ti ibí náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá olọ́wọ́ púpọ̀ kan wà tí kò ní eegun, tí òyìnbó ń pè ní squid. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣú kí ó tó sún mọ́ òkè.

Apẹja ju ìwọ̀ sí i.

Aago 6:45. Ó ti rí èyí tó ń wá. Ó ṣì ìlù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì san án. Oòrùn ti wọ omi. Àwọ̀ gbogbo nǹkan ti di eérú. Ó tan iná iwájú ọkọ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà tàn dé ìwọ̀nba ibì kan, ó parí síbẹ̀.

Aago 8:10 alẹ́. Kùrukùru dé. Kò ti ibì kan wá. Ó kàn pọ̀ sí i ni. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ojú kan là.

Ojú ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ó kọ́kọ́ ń wò bọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú sí i ni ó ń yára sí i.

Aago 9:30. Apẹja gba ọ̀nà tó gbà lówùúrọ̀. Ó mọ̀ pé àpáta wà lápá òsì, ó mọ̀ pé àwọn mìíràn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì mọ̀ pé àárín mọ́. Ó darí ọkọ̀ sí àárín.

Àpáta wà ní àárín.

Kò sí níbẹ̀ lówùúrọ̀. Iná iwájú ọkọ̀ bà á, ó dúdú, ó tutù, ó súnmọ́ jù. Apẹja yí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ há mọ́ ọn. Pákó ya. Igun kan nínú ọkọ̀ bàjẹ́, ẹja tó wà nínú rẹ̀ sì bọ́ sómi. Títùsì ni. Bó bá jẹ́ igun ẹ́ńjìnnì ni àpáta náà lù, ẹ́ńjìnnì ni ì bá bàjẹ́. Bí igun tó bàjẹ́ bá pọ̀ jù, ọkọ̀ yóò rì.

Aago 10:40. Ìró ìyẹ́ dún lókè. Ẹyẹ dúdú ni wọ́n, ojú wọn pupa. Wọ́n yí ọkọ̀ po, wọ́n já wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, ẹja kan ti dín. Apẹja fún ẹ́ńjìnnì lágbára sí i. Ojú tó wà lókè ń yí láìdúró.

Aago 11:52. Kò rí ilé iná mọ́. Kò mọ ibi tó dojú kọ. Ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lójú omi yóò ṣe nínú kùrukùru: ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró de ojúmọ́.

Ìgbì ń lọ, ìgbì ń bọ̀. Iná ọkọ̀ ń tàn sórí omi kan náà. Ó dúró. Ó tún dúró sí i. Aago ń sọ 11:52.

Ojúmọ́ kò ní mọ́.

Ìlú tí ń jẹ́ Greater Marrow kò sí lórí máàpù ayé yìí. Inú géèmù ni ó wà. DREDGE ni orúkọ géèmù náà, ó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, 2023. Black Salt Games ní ìlú Christchurch, Niu Sílándì, ló ṣe é, ènìyàn mẹ́rin ló sì wà ní ojú iṣẹ́ náà. Gbogbo ọjọ́ tí a ròyìn rẹ̀ yìí, láti àárọ̀ dé òru, kò gba ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ ní wákàtí kan.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìṣòro kan ti ń bá ẹni tó bá fẹ́ fi ẹja pípa ṣe géèmù jà: ìdúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ apẹja, ìdúró kì í sì í dùn-ún wò. Ní 1980, David Crane ti Activision gbé e lé Atari 2600, ẹ̀rọ tí àyè iṣẹ́ inú rẹ̀ kò ju báìtì 128 lọ. Nínú Fishing Derby tó ṣe, apẹja méjì kọjú sí ara wọn lórí omi kan ṣoṣo, ekùrá kan sì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn, ó ń já ẹja gbà lẹ́nu ìwọ̀. Ẹni tí ìwọ̀n ẹja rẹ̀ bá kọ́kọ́ pé 99 ló borí. Ìdúró di ìdíje. Ní 2013, Vlambeer àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ gbé Ridiculous Fishing jáde. Ìwọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, ó ń yẹra fún ẹja; ó ń gòkè, ó ń kó wọn; bó bá dé òkè tán, apẹja á da gbogbo wọn sójú ọ̀run, á sì máa yìnbọn fún wọn. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń dúró de ohunkóhun.

Àwọn mẹ́rin ti Christchurch gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n so aago mọ́ ọwọ́ apẹja. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, àsìkò ń rìn. Bí ìwọ̀ bá wà lómi, àsìkò ń rìn. Bí apẹja bá jókòó lásán, oòrùn náà á jókòó. Ìdí nìyí tí òjìji kò fi yẹ̀ ní aago 9:40. Ìdí nìyí tí àṣìṣe ọwọ́ kì í fi í gba ẹja lọ́wọ́ ẹni, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú ló ń gbà. Kò sí òru tó lè ká apẹja yìí mọ́ lójijì. Ó lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jókòó nínú oòrùn àárọ̀, kí ohunkóhun má ṣe é. Òkùnkùn tó wà níbẹ̀ báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló rà á, ìṣẹ́jú lórí ìṣẹ́jú: kọ́ọ̀dù ní 8:20, ẹja pẹlẹbẹ ní 11:15, ẹ̀dá olọ́wọ́ púpọ̀ yẹn nígbà tí ọ̀nà ilé ṣì mọ́lẹ̀.

Lójú mi, àrà tó ga jù tí wọ́n dá nìyẹn. Ẹyẹ olójú pupa dára, àpáta tó ń yọ níbi tí kò sí lówùúrọ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè ronú kan ẹyẹ. Ohun tó le ni kí èèyàn jókòó síbi tí ewu kan kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ti ní gbèsè rí mọ ibi tí wọ́n ti rí àrà náà.

Aago 11:53. Apẹja ti tan ẹ́ńjìnnì. Ojúmọ́ wà níwájú, àfi kó la inú òkùnkùn kọjá dé ibẹ̀. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo ibi tí iná parí sí.

Aago 12:40 òru. Ìmọ́lẹ̀ kan bù yẹ̀rì lápá ọ̀tún, ó pòórá, ó tún bù yẹ̀rì. Ilé iná ni. Ó darí ọkọ̀ sí i.

Aago 1:25. Èbúté. Ó so ọkọ̀, ó sùn. Ojú tó wà lókè pa dé.

Aago 7:00 àárọ̀. Ẹlẹ́ja Greater Marrow ń wo inú ọkọ̀. Ó ra kọ́ọ̀dù. Ó ra ẹja pẹlẹbẹ. Nígbà tó kan èyí tí orí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kò bú, kò sì sọ ọ́ nù. Owó tó san lórí rẹ̀ ju èyí tó san lórí kọ́ọ̀dù lọ. Apẹja ka owó náà. Ó yọ ti olórí ìlú sọ́tọ̀. Kò tíì tó.

Aago 7:10. Ó tan ẹ́ńjìnnì.