Áítì ní Ìkẹjà: Ta Ni Wọ́n Ṣílẹ̀kùn Fún?

Nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, tí Èkó Àkéte sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú Nàìjíríà, ni ìjọba náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ ńláńlá lẹ́bàá ojú irin, nítòsí Agége tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi oko kòkó sọ di ìlú olókìkí. Nígbà tí ó sì di 1962 tí Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀, ojú ọ̀pọ̀ òbí ti wà lára iṣẹ́ oṣù.

Ṣùgbọ́n ìwé kíkà nìkan kò ṣí ọgbà iléeṣẹ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé ọ̀mọ̀wé tuntun kò mọ ẹ̀rọ lójú; nítorí náà ni ìjọba ológun ṣe fi Òfin 47 ọdún 1971 dá Industrial Training Fund sílẹ̀, tí àjọ náà sì gbé ètò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní áítì kalẹ̀ ní 1973, pé kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa fi oṣù díẹ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tí ó mọṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: èrò rere ni. Akẹ́kọ̀ọ́ 748 láti ilé-ẹ̀kọ́ 11 ni ó jáde lọ ṣe áítì ní 1974.

Ohun tí ó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé dandan ni fún ọmọ láti lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá àyè. Ọmọ tí ó ní ẹbí ní iléeṣẹ́ kan ní òpópónà Ọba Akran, lẹ́tà rẹ̀ yóò ti dé iwájú ọ̀gá kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Ọmọ oníbùrẹ́dì Agége, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, yóò máa ti ẹnu géètì kan bọ́ sí òmíràn láti Ọ̀gbà dé Òregún. Kọ̀ǹpútà ayé ọjọ́un wọ́n bí ojú, inú yàrá tútù tí a tì pa ni ó ń gbé. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ ráyè wọlé lè máa ṣe fọ́tókópì, kí ó máa to fáìlì, títí ọ̀gá yóò fi buwọ́ lu logbook, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni ilé gbígbé òpópónà Òtígbà ní Ìkẹjà di ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, títí dé òpópónà Ọlá-Ayéní àti Pepple. Níbẹ̀ ni ọmọ tí kò ní alágbàwí ti rí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tú palẹ̀, tí ó tún un tò. Ìtẹríba fún ọ̀gá àti ojú tí ń wòye tó fún un. Lójú tèmi, ọjà yìí kọ́ ọmọ tálákà ju ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí ó yí i ká lọ. Síbẹ̀, ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nídìí rẹ̀.

Ní 2008 ni Oreoluwa Lesi dá àjọ W.TEC sílẹ̀ ní Èkó, tí ó sì ń kó àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama jọ sí kámpù lákòókò ìsinmi gígùn láti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀, ẹni tí ó pe ọmọ ni ó wá àyè àti olùkọ́ fún un. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń gbé lẹ́tà káàkiri Ìkẹjà ń fẹ́ kí ìjọba ṣe fún òun náà nìyẹn.