Ohun Tí Wọ́n Ń Pò Mọ́ Irin Yíyọ́

Iléru àwọn baba wa kì í yọ́ irin pátápátá. Nígbà tí òyìnbó kan, C. V. Bellamy, kọ̀wé ní 1904 nípa iléru abúlé Ọlá-Igbì lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ògúlùtu irin tí ìdarọ́ ṣì wà nínú rẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni yóò fi iná àti ọmọ owú sọ ọ́ di ọkọ́ àti àdá. Èédú ló ń fún un ní líle. Irin tí kò bá sì yọ́, kò ṣeé po nǹkan mọ́.

Ní 1856, Henry Bessemer fẹ́ atẹ́gùn la inú irin yíyọ́ kọjá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n ọ́síjìn kù sí i nínú, irin náà sì ń sán tí wọ́n bá ń lù ú ní gbígbóná. Robert Mushet ló wá ojútùú: ó da èròjà tó ní máńgánísì sí i. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni irin òde òní ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di 1965, wọ́n ti ń tún irin ṣe nínú ìkòkò ńlá ní Sweden, lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú iléru. Ooru ibẹ̀ tó 1,600 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Alumíníọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń pò mọ́ ọn láti mú ọ́síjìn kúrò, fúyẹ́; bí wọ́n bá kàn jù ú sí i, yóò léfòó, yóò sì jóná sójú ìdarọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di wáyà, tí ẹ̀rọ ń tì í wọlé kíákíá kó lè dé ìsàlẹ̀. Gáàsì ágọ́nì ń hó láti ìdí ìkòkò, ó ń rò ó pọ̀. Bí híhó náà bá le jù, ìdarọ́ á là, afẹ́fẹ́ á wọlé, èròjà olówó iyebíye á ṣòfò.

Ní ti Nàìjíríà níbí, Ìpínlẹ̀ Kwara, tí Ìlọrin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta wà títí di 1991 tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ìjọba ti bá àwọn ará Soviet ṣàdéhùn lórí iléeṣẹ́ náà ní 1979, síbẹ̀ wọn kò tíì tan iná iléru ńlá ibẹ̀ rí. Ó dùn mí gan-an. Iléeṣẹ́ irin Aládjà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982, òun náà sì dákẹ́ nígbà tó yá.

Irin àlòkù ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa ń yọ́ báyìí. Bàbà tó bá bá a wọlé kò ṣeé yọ mọ́, kò sí èròjà tó lè lé e jáde nínú ìkòkò, yóò sì mú kí irin sán nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ ní gbígbóná. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti ọmọlańke kiri Ìlọrin, tí wọ́n ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, máa ń yọ wáyà bàbà sọ́tọ̀ nítorí owó rẹ̀ ju ti irin lọ. Iṣẹ́ àtúnṣe irin ni wọ́n ń ṣe yẹn, kí iná iléru tó ràn rárá.